Adìẹ Tí Mi Ò Lè Dá Lẹ́sẹ̀

Nígbàkígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá wá láti ilẹ̀ mìíràn sí Bouaké, abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni èmi àti bàbá mi máa ń jókòó sí. Dókítà òyìnbó máa ń wà ní òdì kejì lábẹ́ àtíbàbà, pẹ̀lú àpò dúdú rẹ̀ àti nọ́ọ̀sì méjì. Ẹrù tiwa kò ju apẹ̀rẹ̀ kan lọ: òrí nínú igbá, aṣọ funfun tí mo ti fà ya ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, omi gbígbóná nínú kẹ́tù, àti àwọn ẹní kéékèèké tí mo fi ọparun hun. Ẹní ni à ń pè wọ́n nítorí bí ẹní ni wọ́n rí. A ó la ọparun wẹ́wẹ́, a ó ha á kó dán kó má baà gún ara, a ó fi òwú hun ún pọ̀, a ó sì fi dì mọ́ ẹsẹ̀ tàbí apá tó kán. Kò sẹ́ni tó mọ ẹní eegun hun jù mí lọ ní gbogbo Koko, àdúgbò wa. Mo mọ̀ pé ìgbéraga ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Abọ́ tánganran ló ń tà lọ́jà, ṣùgbọ́n eegun tító ni iṣẹ́ tó bá nílé bàbá tirẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ nígbà tó dé ilẹ̀ àwọn Faransé. Èmi ti lọ́kọ, ọkọ mi sì kú nígbà tí n kò tíì já àwọn ìbejì mi lẹ́nu ọmú. Mo kó wọn padà sílé bàbá mi. Láàárọ̀ mo ń ta òwú lọ́jà, lọ́sàn-án mo ń hun ẹní eegun. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ilé ń pè mí. Àwọn ará ìlú ní tiwọn, Anago ni wọ́n ń pe gbogbo wa, wọ́n sì máa ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Anago aládìẹ ni.

Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ tó bá to eegun ẹnì kan, lọ́jọ́ náà gan-an ni yóò ra àgbébọ̀ kan. Yóò ṣe Bísímílà, yóò dá adìẹ náà lẹ́sẹ̀ ní ojú ibi tí ti ẹni náà ti kán, yóò sì tò ó. Èmi yóò hun ẹní kékeré fún un, a ó dì í, a ó wá fi í sábẹ́ àgò níbi tí aláìsàn á ti máa rí i. Ọjọ́ tí a bá tú ẹsẹ̀ adìẹ tó sì rìn dáadáa, ọjọ́ náà ni a ó tú ti ènìyàn. Bí kò bá rìn, a ó tún un dì, aláìsàn á sì máa dùbúlẹ̀ lọ. Àwọn áfáà kan ní Koko kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Bàbá mi á ní òun kò bọ adìẹ, òun kàn ń fi mọ ọjọ́ ni, nítorí pé eegun kò mọ kàlẹ́ńdà.

Èmi ní tèmi rò pé ìtùnú lásán ni. Lójú mi, ọwọ́ bàbá mi àti ẹní tí mo hun ló ń wo ènìyàn sàn. Adìẹ kàn wà níbẹ̀ kí aláìsàn lè rí nǹkan máa wò ni. N kò sọ èrò yìí jáde rí. Ká ní mo ti sọ ọ́ ni, bàbá mi ì bá ti là mí lọ́yẹ, bóyá pẹ̀lú ìbínú, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti parí síbẹ̀.

Ọmọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Baulé, ará ìlú Diabo. Ó ń ṣiṣẹ́ ní gáà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù lápá òsì fún ikọ̀ ìlú wa. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà. Bó bá sáré, àwọn àgbàlagbà pàápàá á dìde dúró. Mo ti hun ìdè orúnkún fún un rí, òwú tó ki pọ̀ tí mo fi awọ ewúrẹ́ tẹ́ nínú, ojoojúmọ́ ló sì ń wá sọ fún mi pé ó ti fún jù, tí á sì máa rẹ́rìn-ín. Èdè Jùlá tí wọ́n ń sọ lọ́jà la jọ ń sọ, ṣùgbọ́n ó kọ́ "Ẹ kú iṣẹ́" lẹ́nu àwọn ará ilé wa, ó sì máa ń fi kí mi kódà nígbà tí mo bá ń jẹun.

Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ikọ̀ Kùmásì wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù láti Góòlù Kóòsì, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ohun mìíràn tí ìlú ń sọ. Kòmándàn, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú, fúnra rẹ̀ ni yóò fún ẹni tó bá borí ní ife. Fún àwa Anago, ó tún ju bọ́ọ̀lù lọ, nítorí pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní Kùmásì, a sì gbọ́ pé kámíyọ́n méjì, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, ni wọn yóò fi tẹ̀lé àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn wá. Níbi ìdánrawò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọkùnrin náà àti aṣọ́lé fẹsẹ̀ gbá ara wọn, ojúgun ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì kán.

Ilé wa ni wọ́n gbé e wá. Ìyá rẹ̀ dé láti Diabo lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹrù lórí. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló sì ní. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ arákùnrin rẹ̀ rí ní ọsibítù ìlú òkèèrè kan, ó sì ti búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ sí ọmọ òun. Ó tẹ́ ẹní sẹ́bàá ọmọ rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá mi to eegun náà, ó ra àgbébọ̀ pupa kan tó ní ìyẹ́ funfun lápá ọ̀tún, ó sì dá a lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìyá yìí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bọ́ adìẹ náà. Ó ń fún un ní àgbàdo lọ́wọ́, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Baulé. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín nínú ọkàn mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejìlá, mo ṣí àgò láti gbá ìdí rẹ̀, mo bá adìẹ náà ní òkú. Ara rẹ̀ ti gan. Bóyá àìsàn adìẹ ni, bóyá òjò tó rọ̀ mọ́jú ló pa á, n kò mọ̀ títí di òní. Ìyá ọmọkùnrin náà ti lọ pọnmi, òun fúnra rẹ̀ sì ṣì ń sùn. Bàbá mi kò sí nílé. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Abidjan láti lọ kó abọ́, ọ̀tunla ló ń bọ̀.

Ohun tí mo rò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni bíríkìlà kan tó wá láti àdúgbò Dougouba lọ́dún tó ṣáájú. Adìẹ tirẹ̀ náà kú. Bàbá mi sọ òtítọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé a óò tú ẹsẹ̀ náà, a óò yẹ̀ ẹ́ wò, a óò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú adìẹ mìíràn. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé adìẹ kú, wọ́n gbé ènìyàn wọn lọ, wọn kò dúró gbọ́ ìyókù. Ẹsẹ̀ náà jẹrà sílé, bíríkìlà náà sì kú. Mo wo ẹní tí ìyá Diabo tẹ́ sílẹ̀, mo mọ̀ pé bó bá rí òkú adìẹ yìí, kí oòrùn tó kan àtàrí, òun àti ọmọ rẹ̀ ti wà lórí kámíyọ́n. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo bọ́ ẹní kúrò lẹ́sẹ̀ adìẹ náà, mo fi aṣọ wé e, mo lọ sin ín sẹ́yìn ilé ìdáná, mo sì sáré lọ sọ́jà.

Ìgbà kẹta tí mo yí ọjà ká ni mo tó rí àgbébọ̀ pupa tó ní ìyẹ́ funfun lápá. Apá òsì ni tirẹ̀ wà. Mo rà á bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí òkúta bí bàbá mi ti máa ń ṣe. Mo ṣe Bísímílà. Adìẹ náà kò jà rárá. Ó gbóná lábẹ́ apá mi, mo sì ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Mo ti di ẹsẹ̀ bí ogójì adìẹ nílé yẹn, ṣùgbọ́n bàbá mi ló ń dá wọn. N kò ṣe é rí lọ́jọ́ kan. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. N kò lè ṣe é. Mo wá sọ fún ara mi pé, kí tilẹ̀ ni ẹsẹ̀ adìẹ fẹ́ ṣe fún eegun ènìyàn? Mo di ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan náà pẹ̀lú ẹní tó wà lẹ́sẹ̀ èyí tó kú, mo dì í le kó má lè fi rìn, mo sì fi í sábẹ́ àgò. Nígbà tí ìyá Diabo dé láti odò, ó bu àgbàdo, ó sì bọ́ ọ. Kò mọ̀ pé mo ti pààrọ̀ rẹ̀.

Mo pinnu pé màá sọ fún bàbá mi bó bá dé. Ó dé pẹ̀lú àárẹ̀, ó sì bá àwọn olórí ikọ̀ bọ́ọ̀lù tí wọ́n jókòó dè é nínú ọgbà. Wọ́n ń bi í bóyá ọmọkùnrin náà á lè gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Kùmásì. Ó ní adìẹ ni kí wọ́n lọ bi. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àyè sísọ sì kọjá lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì mo ní ó di ọ̀la. Ẹni tó bá ti fi nǹkan pamọ́ rí yóò mọ bí ó ti ń rí: bí ọjọ́ ti ń pọ̀ sí i ni ẹnu ń wúwo sí i.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí àwọn ará Kùmásì dé, bàbá mi ní kí a tú ẹsẹ̀ adìẹ wò. Gbogbo ilé pé jọ. Ọmọkùnrin náà fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ jókòó, ìyá rẹ̀ dì í lẹ́yìn mú. Bàbá mi gbé adìẹ lé itan, ó tú òwú náà díẹ̀díẹ̀, ó bọ́ ẹní kúrò, ó sì fi àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀ tẹ ojúgun rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e sílẹ̀. Adìẹ náà dúró díẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti le, ó gbọn ìyẹ́, ó sì sáré gba inú ọgbà kọjá lọ síbi ìkòkò omi. Ìyá Diabo bú sẹ́kún ayọ̀. Bàbá mi kò wo adìẹ náà; èmi ló ń wò.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, "ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Bàbá," ni mo dá a lóhùn.

Ó ní kí a tú ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi tú u. Bàbá mi bi ọmọkùnrin náà bóyá ó ń dùn ún, ó ní kò dùn ún. A fi omi gbígbóná jó o, a fi òrí pa á, ó sì ń fi ọ̀pá rìn títí di ọjọ́ kẹta tó ju ọ̀pá nù. Mo hun ìdè ojúgun kan fún un tí n kò hun irú rẹ̀ rí, ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ nínú òwú aláwẹ́ mẹ́ta, pẹ̀lú awọ rírọ̀ nínú. Mo fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ sínú rẹ̀. Mo rò pé bí mo bá hun ún dáadáa tó, yóò san gbèsè ohun tí n kò ṣe.

Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù náà, èrò pọ̀ débi pé àwọn kan gun igi máńgòrò tiwa. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá láti Kùmásì wá kí bàbá mi ọ̀kọ̀ọ̀kan; wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ nípa rẹ̀ níbi tí àwọn wà. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, a ti di ọrùn ọwọ́ aṣọ́lé wọn fún un, a sì ti fi òrí pa orúnkún ẹnì kan nínú àwọn tiwa. Bàbá mi ń tọ́ka sí ọmọkùnrin tó wà lápá òsì pápá, ó ń sọ fún àwọn àlejò pé ẹsẹ̀ yẹn kán kò tíì pé oṣù kan ààbọ̀. N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo jókòó tì í, mo ń ka àdúrà sínú, n kò gbé ojú kúrò lára ẹsẹ̀ òsì náà.

Ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa ní ìdajì àkọ́kọ́, kò kàn sáré tó bó ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Ní ìdajì kejì, ẹnì kan nínú àwọn ará Kùmásì sáré pàdé rẹ̀. Kò ṣe é ní ìkà. Bọ́ọ̀lù ló ń lé. Wọ́n jọ fo sókè, ọmọkùnrin náà sì bọ́ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ yẹn. A gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ igi níbi tí a wà.

Dókítà ṣáájú wa débẹ̀. Eegun náà ti gún ara yọ sí ìta, ó sì ti ba ìdè tí mo hun jẹ́ láàárín. Dókítà tẹ ẹsẹ̀ náà, ó sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa ní èdè Jùlá: ojú ibi tó kán tẹ́lẹ̀ ló ti kán, nítorí pé kò tíì so pọ̀. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bàbá mi kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ láàárín pápá, lójú gbogbo àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì. Ọmọkùnrin náà di ọwọ́ mi mú, ó sì ń bẹ̀ wá pé kí a má jẹ́ kí wọ́n gé e.

Wọn kò gé e. Bàbá mi àti dókítà jọ tọ́jú rẹ̀: dókítà ń fọ ojú egbò, ó ń gún un lábẹ́rẹ́, bàbá mi ń to eegun, èmi ń hun ẹní. Bàbá mi tún ra adìẹ, ó dá a lẹ́sẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń jókòó tì í. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, kí ọmọkùnrin náà tó dìde. Ẹsẹ̀ òsì ti kúrú ju ọ̀tún lọ, orúnkún kò sì ṣẹ́ dáadáa mọ́. Iṣẹ́ gáà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sí Diabo pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà bàbá mi kò lọ sí pápá mọ́. Àwọn ènìyàn ní ọwọ́ rẹ̀ ti tutù.

Ìyá náà ni kò jẹ́ kí n sinmi. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, ó máa ń fi kámíyọ́n rán apẹ̀rẹ̀ iṣu kan sí wa, kí bàbá mi má baà rò pé òun gbàgbé ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọmọ òun. A ń jẹ iṣu náà. Kí ni mo fẹ́ sọ tí n kò fi ní jẹ ẹ́?

Ní ọdún kẹrin, àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ń fi òrí pa orúnkún rẹ̀ fún un. Mo rò pé ó ti sùn.

"Eegun tó bá kán tó sì jinná máa ń ní kókó," ó ní. "Adìẹ yẹn kò ní kókó lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ mi wá a, kò rí i."

N kò gbé ojú sókè.

"Mo bi ọ́ bóyá o rí i," ó ní. "O ní o rí i. Àwọn ará ilé wa ń bọ̀ láti Kùmásì, èmi náà sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Mo sunkún lórí orúnkún rẹ̀ bí ọmọdé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti èyí tó kú, àti èyí tí n kò lè dá lẹ́sẹ̀. Kò bá mi wí. Ó ní kí n lọ sí Diabo bí òun bá ti lọ tán, kí n má lọ nígbà tí òun ṣì wà láàyè, nítorí òun kò ní lè fara dà á. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tó fi kú.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, mo wọ kámíyọ́n lọ sí Diabo. Bàtà ni ọmọkùnrin náà ń ṣe nísinsìnyí, lábẹ́ ahéré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, ó sì kí mi kú ìrọ́jú. Ìyá rẹ̀ ti lọ sóko. Mo jókòó sórí àpótí, mo sì sọ ọ́. Apá tèmi nìkan ni mo sọ. Ti bàbá mi, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ wá tí kò rí, mo fi í sílẹ̀ fún bàbá mi ní sàréè. Ó gbọ́ mi títí láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Adìẹ yẹn ńkọ́?" ó bi mí.

Mo ní kò sẹ́ni tó lè pa á nílé wa. Mo ní ó ń yé fún ọdún mẹ́ta gbáko, ó sì pa ọmọ lọ́pọ̀ ìgbà, kó tó di pé ọjọ́ ogbó pa á.

Ó mi orí. Ó mú òòlù bàtà rẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Mo dìde, mo lọ wọ ọkọ̀.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde lọ́dún náà, kò sí apẹ̀rẹ̀ tó wá láti Diabo. Mo ra iṣu lọ́jà bí gbogbo ayé ti ń rà á, mo sè é fún àwọn ìbejì mi. Wọ́n bi mí pé ta ló kú ní Diabo. Mo ní kò sẹ́ni tó kú.